Bí ẹni tó pààrọ̀ kíndìnrín ṣe lè lọ sóde láì kó àrùn wálé

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà yọ kíndìnrín kan lára ọkùnrin kan, wọ́n sì gbé e sára ìkejì rẹ̀. Ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n, nítorí náà ara ẹni tó gbà á kò mọ̀ pé àlejò ló wọlé. Òun ni ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere. Àmọ́ èèyàn mélòó ló ní irú ìkejì bẹ́ẹ̀? Kíndìnrín àbúrò, ti ìyá tàbí ti aya ni ọ̀pọ̀ ń gbà, ara wọn á sì dìde sí i bó ṣe ń dìde sí àrùn. Oògùn ló ń dá ara náà dúró. Láti ọdún 2000 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, ní ọsibítù St. Nicholas ní Èkó, ni àwọn tó gbọ́dọ̀ máa lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ti wà láàárín wa. Bí ara wọn bá ti ń mókun, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ṣé àwọn ṣì lè lọ síbi ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ?

Wọ́n lè lọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ wò ni ìgbà tí wọ́n máa lọ, ibi tí wọ́n máa jókòó sí, àti bí wọ́n ṣe máa pẹ́ tó níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣọ́ ara. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kan nǹkan àjèjì, á ta àwọn yòókù lólobó, wọ́n á di púpọ̀, wọ́n á sì kọjú ìjà sí i. Nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tacrolimus àti cyclosporine ni kì í jẹ́ kí ìtanilólobó yẹn ráyè. Mycophenolate kì í jẹ́ kí wọ́n di púpọ̀. Prednisolone ní tiẹ̀ ń pa ìwúlé àti gbígbóná tó ń bá ìjà náà rìn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó mọ ìyàtọ̀ láàárín kíndìnrín àti kòkòrò ikọ́ ife. Bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo kíndìnrín náà ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn.

Ìlẹ̀kùn yẹn kì í ṣí sílẹ̀ bákan náà nígbà gbogbo. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló léwu jù, torí ìgbà yẹn ni oògùn pọ̀ jù lára. Nígbà náà ni dókítà máa ń fi Septrin, oògùn apakòkòrò, kún un kí kòkòrò kan tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ má bàa ráyè wọlé. Tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, wọ́n á máa dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ara bá tún gbìyànjú láti kọ kíndìnrín náà, tí wọ́n sì gbé oògùn sókè láti fi rọ̀ ọ́ lójú, ìṣọ́ra ti oṣù àkọ́kọ́ ló padà dé yẹn. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sílé nígbà ìsìnkú kan tó sì lọ síbi òmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e kò ṣe ojúsàájú. Ó yẹ kí ẹbí mọ èyí, kí wọ́n má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀.

Èémí ni ọ̀nà tí àrùn ń gbà jù láwùjọ. Ẹ wo òde owàmbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo èèyàn ń fà símú fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún. Orin tún ń dún, kálukú ń pariwo kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹni tó ń pariwo sì ń tú èémí àti itọ́ jáde ju ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Bí wọ́n bá ṣe òde kan náà lábẹ́ kánópì ní ìta gbangba, atẹ́gùn á máa gbé èémí yẹn lọ. Èyí tó wà níta ló yẹ kéèyàn yàn nígbà tó bá lè yàn. Nínú gbọ̀ngàn, kó tètè dé kí èrò tó kún, kó kí olóde, kó ya fọ́tò, kó sì máa lọ kí ijó tó gbóná. Ìbòmú irú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ń dáàbò boni ju ti aláṣọ lọ. Òru ìsìn nínú yàrá tó há àti bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa wà nínú ìṣirò yìí kan náà. Ẹni tó ń kí Jímọ̀ lè dúró sí sàfù tó wà níta.

Ti ìkíni rọrùn fún Yorùbá. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò gba ìfarakanra, wọ́n sì níyì ju bíbọ ọwọ́ àti dídìmọ́ra lọ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ra lè dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ láti òkèèrè, kò sí ẹni tó máa bínú. Ọwọ́ tó kan owó níná àti tábìlì ni ká fi ọṣẹ fọ̀ kí oúnjẹ tó kàn án. Abọ́ omi kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó jẹ àmàlà kì í ṣe ìfọwọ́: kí wọ́n da omi lé ọwọ́ ni.

Oúnjẹ tó ń rú èéfín láti inú ìkòkò kò léwu tó èyí tó ti tutù. Kí wọ́n yẹra fún sàláàdì, mọ́ínmọ́ín tó ti wà lórí tábìlì láti àárọ̀, wàrà àti mílíìkì tí wọn kò sè, ẹyin tí kò jinná, àti yìnyín tí a kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é. Ó dára kéèyàn jẹun nílé kó tó jáde. Gírépùfúrúùtì (grapefruit), èso ńlá tó jọ ọsàn, ń jẹ́ kí tacrolimus àti cyclosporine ga jù nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà kò sí àyè fún un rárá. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo, torí a kì í mọ ohun tó máa ṣe fún kíndìnrín náà.

Àwọn kan máa ń rò pé táwọn bá fo oògùn alẹ́ ọjọ́ òde kan, ara àwọn á lágbára sí àrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fífo oògùn kì í dá agbára ara padà lóru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Tí ẹni kan bá ń lo tiẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́, kó fi ti alẹ́ sínú báàgì, kó sì lò ó lórí ìjókòó níbẹ̀. Àníyàn àti ìdáwà náà kò yẹ ká fojú kéré: ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá rẹ̀wẹ̀sì máa ń fi oògùn falẹ̀. Ìdí nìyẹn tí títi ara ẹni mọ́lé pátápátá kò fi jẹ́ ààbò.

Ilé pàápàá ní tiẹ̀. Bí ọmọ kan bá ní èéyi tàbí ṣíkínpọ́ọ̀sì, kí ẹni tó ń lo oògùn yìí kúrò nítòsí rẹ̀, kó sì pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an láìdúró kí ara rẹ̀ yọ nǹkan. Àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò ní kòkòrò tó wà láàyè nínú, bíi ti ọ̀fìnkìn líle àti ti mẹ̀dọ̀wú B, dára fún un. Èyí tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè kò dára. Ti ibà pọ́njú wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ káàdì rẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ arìnrìn-àjò. Ìwé dókítà tó sọ ìdí tí kò fi lè gbà á ni yóò mú dání. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí lẹ́nu ń yàgbẹ́ kòkòrò náà jáde, torí náà ẹlòmíràn ni kó máa pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ fún bí oṣù kan.

Ibi tí nǹkan sábà máa ń dojú rú ni ibà. Nílẹ̀ wa, tí ara bá ti gbóná, kẹ́míìsì ló kàn: oògùn ibà, ibuprofen tí wọ́n ń lò fún ara ríro, bóyá erythromycin tó ń pa kòkòrò pẹ̀lú. Ibuprofen lè ba kíndìnrín jẹ́, erythromycin sì ń gbé tacrolimus sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Prednisolone tún máa ń bo ara gbígbóná mọ́lẹ̀, débi pé òtútù díẹ̀ tàbí ikọ́ lásán lè jẹ́ àrùn ńlá tó ti fìdí múlẹ̀. Bí òǹkà ara gbígbóná bá ti dé 38°C, tàbí tí ara kàn ṣàdédé ń ṣe bákan, ọsibítù ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó jẹ́ òru, kó sì kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá pàdé irú oògùn tó ń lò.