Ohun tí àmì àyọlò ń ṣe sí ọ̀rọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì

Pé àmì àyọlò (“ ”) ń fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn hàn, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí òǹkọ̀wé bá fi í yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ká.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé gbogbo àkànlò èdè àti àfiwé ló yẹ kó wọ àmì yìí, kí òǹkàwé má baà ṣì í gbọ́. Wọn a kọ ọ́ pé: He was a “lion” in battle. Ta ló fẹ́ rò pé ọkùnrin náà ní ìrù? Gbólóhùn yẹn ti yé èèyàn kí àmì tó dé. Nígbà tí àmì sì dé, ṣe ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ohun tí àmì àyọlò ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tó bá yí ká ni pé, “èmi kọ́ ni mo ni ín.” Bí kò bá wá sí ẹlòmíràn tó ni ín, òǹkàwé á máa wádìí ohun tí òǹkọ̀wé ń sá fún, á sì parí rẹ̀ sí pé kò gba ohun tó kọ gbọ́. Ó dà bí ẹni tó ń kí ni kú oríire, tó sì ń ṣẹ́jú sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu ń yin ni, ojú ń tú u. Bó bá tún wá ń ṣẹ́jú sí gbogbo ọ̀rọ̀, wọ́n á bi í bóyá kòkòrò ló kó sí i lójú. Bí “lion” ṣe di ojo nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò, ohun ìjà ni. Kọ ọ́ pé the “expert” arrived, o ti bú onítọ̀hún láìlo èébú kankan. Scare quotes ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ fìlọ́sọ́fì nì, Elizabeth Anscombe, lo orúkọ yìí nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1956. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ àléébù rẹ̀ ni pé àmì kan náà ló ń ṣe ẹlẹ́rìí tó tún ń ṣe ẹlẹ́yà.

Ibi tó ti wúlò fún àfiwé kò pọ̀: ibi tí òǹkàwé ti lè gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí gan-an. Àwọn onímọ̀ físíìsì sọ pé kúáàkì, ègé kékeré jọjọ tó wà nínú átọ́ọ̀mù, ní “colour”, wọ́n tilẹ̀ ń pe òmíràn ní pupa, bẹ́ẹ̀ kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ tí ojú lè rí. Ẹni tó ń kà á fún ìgbà àkọ́kọ́ nílò ìkìlọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Bí àmì náà bá wà níbẹ̀ títí dé ojú ìwé tó gbẹ̀yìn, òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé físíìsì gan-an ni òǹkọ̀wé kò gbà gbọ́.