Àwọn ọ̀rọ̀ ìperí nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá

Ọ̀rọ̀ ìperí iṣẹ́ ọnà Yorùbá ni àwọn ọ̀rọ̀ tí agbẹ́gilére, aláró, amọ̀kòkò àti àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún wọn fi ń sọ bí iṣẹ́ kan ṣe rí, bí wọ́n ṣe ṣe é, àti bóyá ó dára. Púpọ̀ nínú wọn ti wà lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ kí wọ́n tó máa kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ náà ọnà gan-an ló yẹ kí a kọ́kọ́ tú. Ohùn ló yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀nà tí à ń rìn. Ọnà ni àrà tí a dá sára nǹkan: igbá tí a fín, ìlẹ̀kùn tí a gbẹ́, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ yà kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Oníṣọnà ni ẹni tó ń ṣe é. Ní 1989, àwọn ayàwòrán kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Fìlànì wà lára wọn, sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọnà.

Ère ni ohun tí a gbẹ́, tí a mọ tàbí tí a dà. Àwòrán ní tirẹ̀ ti di ohun tó wà lórí pépà, ara ògiri tàbí fóònù lónìí, ṣùgbọ́n onímọ̀ Babátúndé Lawal tú u sí “à-wò-rántí”, ohun tí a ń wò kí a lè rántí, ó sì ka ère mọ́ ọn. Àkó ìlú Ọ̀wọ̀ bá ìtumọ̀ yìí mu dáadáa: ère olóògbé ni, wọ́n á ṣe é kó jọ ọ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á sì fi ṣe ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ní orúkọ fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó ṣe kòkáárí ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947, kọ wọ́n sílẹ̀. Ọnà lílé ni kí a fi àáké gé igi títí tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn gàdàgbà. Àlétúnlé ni kí a pín àwọn wọ̀nyí sí ojú, etí, ọwọ́. Dídán ló tẹ̀ lé e, kí ara igi jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ọ̀bẹ tó mú ni wọ́n fi ń fa ìlà irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ.

Dídán tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn amẹwà, ìyẹn àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà tó dára, lẹ́nu wò kiri ilẹ̀ Yorùbá, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní 1973. Wọ́n fẹ́ kí ara ère dán kí òjìji lè hàn nínú ibi tí a fín. Wọ́n fẹ́ gígún, kí ère dúró ṣánṣán, kí apá kan má tóbi ju èkejì. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ nípa ìfarahàn, kí gbogbo ẹ̀yà ara ṣeé rí kedere.

Èyí tí àwọn àlejò sábà máa ń ṣì túmọ̀ ni jíjọra. Kì í ṣe pé kí ère dà bí fọ́tò. Ère gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jọ ọ́ jù. Nínú ère onígi, orí a máa gba ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí mẹ́ta gíga gbogbo ara. Àṣìṣe kọ́ ni: orí ni ibùgbé àyànmọ́, agbẹ́gilére sì mọ̀ọ́mọ̀ fún un láyè ni. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ mìíràn ni ọ̀dọ́, ìyẹn ni pé kí ère wà ní àkókò tí agbára àti ẹwà ènìyàn pé. Wo ère ìbejì: ọmọ ọwọ́ ni èjìrẹ́ tó kú, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ ní ọmú tàbí irùngbọ̀n àgbà.

Rowland Abíọ́dún, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, fi ojú inú àti ojú ọnà kún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ojú inú ni òye tí oníṣọnà fi ń rí ohun tí kò tíì sí. Ojú ọnà ni ìmọ̀ bí ọnà ṣe ń tò. Ojú ọnà yìí hàn gbangba nínú ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn ara rẹ̀ yọ síta gan-an, ó sì tún fín ọnà sí pákó tó wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum ló sì wà báyìí.

Lórí idẹ ni àṣìlò ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 ni ayé ń pè ní bíróǹsì, èyí tí í ṣe bàbà àti tánńganran. Nínú wọn, àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, àwọn mìíràn sì jẹ́ idẹ, ìyẹn bàbà tó ní síńkì nínú. Ọ̀rọ̀ Yorùbá méjèèjì ṣe déédéé ju ti òyìnbó lọ. Ìda ni wọ́n fi ń ṣe irú ère bẹ́ẹ̀: wọ́n á mọ ìda lé amọ̀, wọ́n á fi amọ̀ mìíràn bò ó, wọ́n á fi iná yọ́ ìda kúrò, wọ́n á sì da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Bí ó bá tutù, wọ́n á fọ́ amọ̀ ìta dànù kí ère lè jáde, ìdí nìyẹn tí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi í mú ju ère kan ṣoṣo jáde.