Bóòtù tó há: ibi tí ẹ̀rọ lathe tó ń gé síkúrù ti ṣẹ̀ wá

Ẹ̀rọ lathe tí mo rà lọ́wọ́ Bàbá kan tó ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tọ́nà ní Mushin jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Lathe ni ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè fá a. Orúkọ Colchester wà lára irin rẹ̀, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti dá ilé iṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀ lọ́dún 1887. Bóòtù ìdajì íǹṣì kan ti sọnù lára rẹ̀. Mo ra òmíràn, mo fi ọwọ́ yí i: ó yí ẹ̀ẹ̀kan, ó yí ẹ̀ẹ̀mejì, ó há. Mo ti na ọwọ́ sí sípánà kí n tó rántí pe Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bóòtù yìí ò wọlé mọ́."

"Gbé rúlà lé e, kí o ka tíréèdì rẹ̀, àwọn ìlà tó yí i ká."

Mẹ́tàlá ni mo kà nínú íǹṣì kan.

"Ti Amẹ́ríkà nìyẹn. Méjìlá ni ti Ìlú Ọba. Má fipá mú un o, wàá ba ihò yẹn jẹ́."

Ìlà kan ṣoṣo ló da èmi àti bóòtù rú. Ta ló ní kó jẹ́ méjìlá? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí ẹ̀rọ yìí gan-an.

Láyé àtijọ́, lathe ń yí igi tàbí irin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ló ń di ọ̀bẹ mú. Igi gbà fún un. Irin kò gbà, nítorí ọwọ́ a máa rẹ̀, a sì máa gbọ̀n. Ti síkúrù ló le jù. Olóòlà tó mọṣẹ́ dáadáa náà, ilà tó kọ lónìí àti èyí tó kọ lánàá kì í dọ́gba tán; bẹ́ẹ̀ náà ni tíréèdì tí wọ́n fi fáìlì àti ọwọ́ gé. Bóòtù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Wọ́n á sàmì sára àwọn méjèèjì, torí bí wọ́n bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, wàhálà dé.

Vaucanson ní Faransé àti Ramsden ní Lọ́ńdọ̀nù ti ṣe lathe tó dára kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, nítorí náà kò tọ́ ká sọ pé ẹnì kan ló dá a sílẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ Henry Maudslay ni ẹ̀rọ náà ti gba ìrísí tí èyí tó wà nílé mi ṣì ní. Woolwich, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1771. Ọmọ ọdún 12 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ohun ìjà ìjọba níbẹ̀, ó ń rọ ẹ̀tù sínú ọta. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ṣùgbọ́n ìdí iná alágbẹ̀dẹ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ní ọmọ ọdún 18, Joseph Bramah, ọ̀gá àwọn tó ń ṣe àgádágodo, gbà á síṣẹ́. Lọ́dún 1797, Maudslay ní kí ọ̀gá fi kún ṣílè 30 tó ń gbà lọ́sẹ̀. Ọ̀gá kọ̀. Ó dìde, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1800 ló ṣe lathe tó wà ní Science Museum ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ènìyàn, ó dè é mọ́ irin tó ń rìn gbọọrọ lórí ojú irin títẹ́jú. Síkúrù gígùn kan ló ń wọ́ irin náà lọ, jíà ló sì so síkúrù gígùn ọ̀hún pọ̀ mọ́ irin tí à ń gé. Bí o bá pààrọ̀ jíà, iye tíréèdì yí padà. Síkúrù kan tó gé gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tíréèdì 50 ló wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ gùn ní íǹṣì 12, ìlà 600 ló wà nínú rẹ̀. Mo máa ń ronú kan iṣẹ́ yẹn bí mo bá ń nu ẹ̀rọ mi.

Joseph Whitworth kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Maudslay. Lẹ́yìn tó ti dá dúró, ó kó bóòtù jọ láti oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù, ó sì rí i pé kálukú ń ṣe tirẹ̀. Lọ́dún 1841 ó dábàá ìwọ̀n kan fún gbogbo wọn: igun tíréèdì á jẹ́ dígíríì 55, ìwọ̀n bóòtù kọ̀ọ̀kan á sì ní iye tíréèdì tirẹ̀. Ibẹ̀ ni méjìlá ti ìdajì íǹṣì ti wá. Lọ́dún 1864, William Sellers ní Philadelphia mú dígíríì 60 wá fún Amẹ́ríkà. Tíréèdì ìdajì íǹṣì tiwọn di 13 nínú íǹṣì kan.

Bàbá wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé. Kò jẹ́ ká lọ wá bóòtù kankan. Ó de ọ̀pá irin mọ́ lathe náà fúnra rẹ̀. Síkúrù gígùn rẹ̀ ní tíréèdì 4 nínú íǹṣì kan, nítorí náà ó fi jíà eléyín 20 sókè, eléyín 60 sísàlẹ̀, kí irin lè yí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí síkúrù gígùn tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ó fá a díẹ̀díẹ̀, ó ń ta òróró sí i. Nígbà tó parí, ó nu bóòtù náà pẹ̀lú àkísà, ó nà án sí mi. Ìka méjì ni mo fi yí i wọlé títí tó fi dé ìdí.