Kí ẹ tó dán ìkànnì yín wò, ẹ kọ iye tí ẹ ń fẹ́ sílẹ̀

"Kó ṣáà ti máa yá." Ohun tí àwọn oníbàárà sábà máa ń sọ fún wa nìyẹn tí a bá fẹ́ dán ìkànnì wọn wò, ká lè mọ̀ bóyá ó lè gba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó. Èèyàn mélòó ni yóò wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ẹ fẹ́ kí wọ́n dúró mọ?

Ẹ wo Healthcare.gov, tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣí lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013 kí aráàlú lè ra adójútòfò ìlera. Èèyàn 50,000 sí 60,000 lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń retí. Àwọn tó ya bò ó tó 250,000. Àmọ́ iye èrò nìkan kọ́ ló fa wàhálà. Ìkànnì náà ní kí oníkálukú kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kó tó lè fojú kan iye owó, ni gbogbo èrò bá há sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun tí èèyàn wá ṣe. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n kọ àfojúsùn tó ṣe é wọ̀n: èèyàn 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ìbẹ̀wò 800,000 lójúmọ́.

Ibo lẹ ti máa rí iye tiyín? Ká ní ilé ìwé kan fẹ́ gbé èsì ìdánwò jáde, tí èèyàn 36,000 ń wọlé láàárín wákàtí kan. Èèyàn 10 ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 300, èèyàn 3,000 ló máa wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí tí èrò pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ fi ṣírò o, ẹ má pín èrò ọjọ́ kan sí wákàtí 24.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìpíndọ́gba gbọ́. Bí èèyàn 95 bá rí èsì wọn láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, tí àwọn márùn-ún yòókù dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ìpíndọ́gba kò ní pé 2. Ìwé àbájáde á dára lójú, bẹ́ẹ̀ ó ti sú àwọn márùn-ún yẹn.

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ rèé: "Èèyàn 3,000 ń wo èsì lẹ́ẹ̀kan náà fún wákàtí 2; 95 nínú 100 rí èsì tiwọn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2; 99 nínú 100 kò dúró ju 5 lọ; àṣìṣe kò tó 1 nínú 100." Ẹni tó ni ìkànnì ni kó buwọ́ lù ú, kó sì ti buwọ́ lù ú kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.