Ohun tí owó ẹgbẹ́ ń rà fún àwọn oní-B&B ní Ìlú Ọba

Bí a bá ti dárúkọ ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ ọjà ló ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ wa: ìyálọ́jà á pe ìpàdé, wọ́n á fẹnu kò lórí iye tí wọn yóò máa ta gààrí, ẹni tó bá sì tà á kù sí iye yẹn á fojú winá. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba àlejò tó ń sanwó fún ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀ sílé wọn ní Ìlú Ọba, ìyẹn àwọn oní-B&B, kò lè dán irú rẹ̀ wò. Òfin ìfigagbága ọjà ti ọdún 1998 kò gba kí àwọn tó ń ta ọjà kan náà fẹnu kò lórí iye owó. Bí àwọn onílé àlejò Blackpool, ìlú kan létí òkun ní England, bá jókòó, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tó kéré sí £70 fún yàrá kan lóṣù kẹjọ, owó ìtanràn tí ìjọba lè bù lé oníkálukú wọn lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún. Kò sì sí ẹni tó lè fipá mú wọn wọ ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ á máa gba àlejò rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Kí wá ni wọ́n ń sanwó ẹgbẹ́ fún?

B&B kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé ni, tó yọ yàrá mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà sọ́tọ̀ fún àlejò tó ń sanwó, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ àárọ̀ kí wọ́n tó máa lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, tọkọtaya ló jọ ń ṣe é. Ẹni tó ń din ẹyin ní aago méje àárọ̀ náà ló ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní aago mọ́kànlá, òun ló ń gbé fóònù, òun náà ló ń ṣírò owó tó wọlé lálẹ́. Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá igba ní agbẹjọ́rò, ó ní akáńtáǹtì, ó tún ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ààbò iná lọ. Bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú òfin tó de òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló de tọkọtaya yìí náà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń rí iṣẹ́ ṣe.

Àlejò kan ṣoṣo ti tó láti fi rí bí òfin wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó. Bó ṣe ń wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òfin kan tó ti wà láti ọdún 1972 ní kí onílé kọ orúkọ rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ sílẹ̀, bó bá ti pé ọmọ ọdún 16, kó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ náà fún oṣù 12, nítorí ọlọ́pàá lè bèèrè rẹ̀. Bí àlejò náà kì í bá ṣe ọmọ Ìlú Ọba, tí kì í ṣe ọmọ Ireland, tí kò sì wá láti orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì, onílé tún gbọ́dọ̀ gba nọ́ńbà ìwé ìrìnnà rẹ̀, kó sì béèrè ibi tó ń forí lé tó bá kúrò níbẹ̀. Bí Yorùbá méjì bá jọ wọlé, tí ọ̀kan wá láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, tí èkejì wá láti Kétu pẹ̀lú ti Benin, ìbéèrè ará Kétu ló máa pọ̀ jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé sétí òkun, ibo ni yóò ti mọ èyí?

Àlejò gòkè lọ sí yàrá, ó tan tẹlifíṣọ̀n. Láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n ti ilé àlejò yàtọ̀ sí ti ilé gbígbé, owó ẹyọ kan ló sì ń gbà bí yàrá kò bá ju 15 lọ. Lówùúrọ̀, rédíò ń kọrin jẹ́jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń jẹun: láísẹ́ǹsì wà fún orin náà, PPL PRS, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ àwọn olórin, ló ń gba owó rẹ̀. Sọ́séèjì dé orí tábìlì, onílé sì gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tó wà nínú rẹ̀ lára àwọn èròjà 14 tí òfin dárúkọ pé ara àwọn kan ń kọ̀, irú bí àlìkámà, wàrà, ẹyin, ẹ̀pà àti mọ́sítáàdì. Kí wọ́n tó din ẹyin àkọ́kọ́ pàápàá, ó yẹ kí wọ́n ti forúkọ ibi ìdáná náà sílẹ̀ ní káńsù, ó kéré tán ní ọjọ́ 28 ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má ṣe é.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá le jù. Àlejò kò mọ ilé. Bí èéfín bá jí i ní aago méjì òru, tí iná mànàmáná ti lọ, ṣé ó máa rántí pé ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì ni ilé ìwẹ̀, pé ti ọwọ́ ọ̀tún ló já sí àtẹ̀gùn? Ìbéèrè bí irú èyí ni òfin ààbò iná ti ọdún 2005 ní England àti Wales ń fẹ́ kí onílé rò dé ìdí: ibi tí iná ti lè ṣẹ́ yọ, bí ẹni tó sùn ṣe máa gbọ́, ọ̀nà tó máa gbà jáde. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá pé márùn-ún sókè ló sábà ń di dandan fún láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ oní-B&B ń gbé e sórí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó ti di dandan fún gbogbo wọn láti kọ ọ́ tán pátápátá, títí kan ilé oníyàrá méjì. Ìjọba tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí rẹ̀ fún àwọn ilé tí yàrá àlejò wọn kò ju mẹ́rin lọ.

Irú ọjọ́ báyìí ni ìròyìn ẹgbẹ́ ń wúlò jù. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ iná àti àwọn tó ń gbowó yẹ ilé wò kì í pẹ́ kí wọ́n tó máa tẹ àwọn onílé láago, tí wọ́n á ní òfin tuntun ti dé, ẹ sáré wá sanwó. Ìwé ìròyìn Bed & Breakfast Association, tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè, tàbí ti ẹgbẹ́ ìlú bíi StayBlackpool, ló yẹ kó sọ fún onílé ohun tó yí padà gan-an, ohun tí kò yí padà, àti èyí tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba fòpin sí àǹfààní owó orí tí àwọn tó ń fi odindi ilé háyà fún onísinmi ń jẹ. Ẹni tó bá ka àkọlé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn nìkan, àyà rẹ̀ á já. Ṣùgbọ́n oní-B&B tó ń gbé inú ilé rẹ̀, tó ń dáná fún àlejò, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Gbólóhùn kúkúrú kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́, "èyí ò kàn yín", mo gbà pé ó níye lórí ju ẹ̀dínwó aṣọ ìnura lọ.

Ẹ̀dínwó náà ńkọ́? Òun ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sójú ìwé ìpolówó ẹgbẹ́: íńṣọ́ránsì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba káàdì, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọṣẹ, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó gba yàrá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹgbẹ́ á lọ bá olùtajà pé àwọn ní ọmọ ẹgbẹ́ báyìí-báyìí tó lè ra ọjà rẹ. Olùtajà á dín owó kù fún ọmọ ẹgbẹ́, nígbà mìíràn á sì fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ní nǹkan lórí ọjà tó bá tà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ ọ́ síta. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọjà ná lè rí iye kan náà gbà níta. Íńṣọ́ránsì nìkan ni mo máa yọ sọ́tọ̀, nítorí íńṣọ́ránsì ilé gbígbé lásán kì í sábà gba àlejò tó ń sanwó mọ́ra, bí ilé bá sì gba ẹnì kan síṣẹ́, kódà ẹni tó ń wá tún yàrá ṣe lópin ọ̀sẹ̀, òfin ti ọdún 1969 ní kó ra íńṣọ́ránsì òṣìṣẹ́ tó tó mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn, ó kéré tán. Olùtajà tó ti ń bá ẹgbẹ́ ṣe á ti mọ irú ilé tí wọ́n ń sọ, kò ní fi òfin òtẹ́ẹ̀lì ńlá díwọ̀n rẹ̀.

Apá kẹta owó ẹgbẹ́ ni ohùn, ìyẹn kí ẹnì kan lè dúró níwájú ìjọba sọ̀rọ̀ kí òfin tó jáde. Èèyàn lè ní ṣebí UKHospitality wà, ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 láti ara ẹgbẹ́ méjì, tó ń sọ̀rọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí. Ó wà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń dun òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń dun B&B. Nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba dín VAT ilé àlejò àti ilé oúnjẹ kù láti 20% sí 5% ní oṣù keje ọdún 2020. Ìrànwọ́ ńlá ni fún òtẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó iye tí òfin ní kéèyàn ti máa gba VAT, tó jẹ́ £85,000 nígbà náà, tó di £90,000 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kì í gba VAT lọ́wọ́ àlejò rárá. Èwo ni wọ́n fẹ́ dín kù fún un? Onílé oníyàrá mẹ́ta tó gbà kí ẹgbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì máa bá òun sọ̀rọ̀ á kàn máa pàtẹ́wọ́ sí ayẹyẹ ẹlòmíràn ni.

Scotland ni wọ́n ti rí iṣẹ́ ohùn yìí kedere. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022 ní kí ẹni tó bá ń gba àlejò fún ìgbà díẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ káńsù, wọ́n sì da B&B tó ti wà láti ìran dé ìran pọ̀ mọ́ àwọn ilé tí èèyàn ń fi háyà lórí ìkànnì Airbnb. Ariwo àwọn oníṣẹ́ náà pọ̀ débi pé ìjọba sún ọjọ́ ìkẹyìn fún àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ láti oṣù kẹrin sí ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà, Court of Session, ilé ẹjọ́ gíga Scotland, dájọ́ pé apá kan nínú ìlànà tí káńsù Edinburgh gbé kalẹ̀ kò bófin mu, lẹ́yìn tí àwọn tó ń fi ilé háyà fún onísinmi pè é lẹ́jọ́. Láísẹ́ǹsì náà kò kúrò nílẹ̀, àmọ́ wọ́n rí ìyípadà.

Èyí tó tún délẹ̀ ni owó àlejò, ìyẹn owó tí káńsù ń gbà lórí ẹni tó bá sùn sí ilé àlejò. Edinburgh ti fi í sí 5%, fún alẹ́ márùn-ún àkọ́kọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2026. Orí owó ibùsùn nìkan ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé, kò kan oúnjẹ. Ó dára fún òtẹ́ẹ̀lì tó ń ta oúnjẹ lọ́tọ̀. Oní-B&B tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní £100 ńkọ́? Ó ní láti yọ ẹyin, sọ́séèjì àti tíì kúrò lára ibùsùn kó tó mọ iye tó máa gbà fún káńsù. Ẹ̀yà ìṣòro báyìí kì í sí lọ́kàn aṣòfin, àfi bí ẹnì kan bá sọ ọ́ fún un. Ní Northern Ireland, ọ̀tọ̀ tún ni tiwọn: láti ọdún 1992 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má gba àlejò láìgba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ ìrìn-àjò afẹ́. Orílẹ̀-èdè kan ni, àmọ́ òfin yàtọ̀ láti apá kan sí òmíràn.

Wàhálà àwọn ìkànnì tó ń ta yàrá náà wà níbẹ̀. Ká ní yàrá jẹ́ £90, àlejò sùn ní alẹ́ mẹ́ta, ìkànnì sì ń gba kọmíṣàn 15%: nínú £270, £40.50 ti lọ kí wọ́n tó ra búrẹ́dì. Onílé kan kò lè bá Booking.com jà, yóò kàn yọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ bá kó jọ, àjọ ìfigagbága ọjà, CMA, lè tẹ́tí sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ìkànnì mẹ́fà, Booking.com àti Expedia wà lára wọn, ṣèlérí fún CMA pé àwọn á jáwọ́ nínú àwọn ọgbọ́n kan, bíi kí wọ́n máa fi "yàrá kan ló kù" kánjú èèyàn, tàbí kí wọ́n gbé ilé tó ń san kọmíṣàn ńlá sókè láìsọ ìdí rẹ̀ fún oníbàárà. Lọ́dún 2024, òfin Yúróòpù tún mú kí Booking.com yọ àdéhùn tí kò jẹ́ kí onílé tà kù sí iye orí ìkànnì. Ìlú Ọba ti kúrò ní EU nígbà yẹn, òfin yẹn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìṣòro tó wà nínú ohùn ni pé ẹni tí kò san kọ́bọ̀ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí Scotland sún ọjọ́ síwájú, gbogbo onílé ló sún un fún. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ fi ń gbé ẹ̀dínwó síwájú: ohun tí wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò sanwó nìkan ni wọ́n lè fi fa èèyàn wọlé. Ẹgbẹ́ ìlú ní ohun kan tí ti orílẹ̀-èdè kò ní, ìyẹn ni pé bí yàrá bá kún nílé ọ̀kan, á darí àlejò sí ti ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ládùúgbò.

Owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ owó orí gbà á gẹ́gẹ́ bí ìnáwó iṣẹ́, tí onílé lè yọ kúrò nínú èrè kó tó san owó orí. Àmọ́ òfin kan tún wà tó ní kí ẹni tó ń gba àlejò sínú ilé tó ń gbé má san owó orí lórí £7,500 àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kò lè tún yọ ìnáwó kankan, owó ẹgbẹ́ náà wà lára rẹ̀. Onílé kékeré tí yàrá rẹ̀ kò ju méjì lọ, tí £6,000 ń wọlé fún lọ́dún, yóò san owó ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní pípé.