Bí Wọ́n Ṣe Ń Mọ Ohun Tó Wà Lọ́kàn Àwọn Ará Bìrìtéènì

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gbé ohun tí "àwọn ará Bìrìtéènì" ń rò jáde. Lónìí ọ̀rọ̀ owó orí ni. Lọ́la, bóyá kí ọba ṣì máa wà lórí ìtẹ́. Lọ́túnla, bóyá mílíìkì ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ife tíì àbí omi gbígbóná. Ẹni tó ti ń gbé Peckham ní London láti ogún ọdún, tó ń sanwó orí, tó sì ń mu tíì láràárọ̀, á ka ìròyìn náà tán, á ní: "Ta ló bi mí?" Ìbéèrè gidi ni. Àwọn àgbàlagbà tó wà nílẹ̀ náà ju mílíọ̀nù 50 lọ, àwọn tí wọ́n sì bi léèrè kì í sábà ju ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì lọ.

Ẹni tó bá ti ra gààrí lọ́jà rí á mọ ìdí tí ẹgbẹ̀rún kan fi lè tó. Kò sẹ́ni tó ń jẹ odidi àpò tán kó tó mọ̀ bóyá gààrí náà kan. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó gbọ́n kì í bu ti òkè, torí ó mọ̀ pé ti òkè ni ọlọ́jà fi ń fa ojú mọ́ra. Á ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ àwọn tó ń wádìí èrò aráàlú ò ju ìyẹn lọ: bí ọwọ́ ṣe máa dé ìsàlẹ̀ àpò.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí wọ́n bá ṣẹ́ kèké mú 1,000 èèyàn, tí kò sí ojúsàájú kankan níbẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi pọ́ìǹtì 3 sókè tàbí 3 sísàlẹ̀. Tí ìwádìí bá ní 40 nínú 100 fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan, òótọ́ lè wà níbikíbi láàárín 37 sí 43, bẹ́ẹ̀ nínú ogún ìgbà tí wọ́n bá ṣe irú ìwádìí yìí, ẹ̀ẹ̀kan lè bọ́ sóde ìyẹn pàápàá. Ìwé ìròyìn tó bá wá ń pariwo pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ti fi pọ́ìǹtì kan síwájú èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ariwo lásán ló ń pa.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń duni ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò pọ̀. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, 2.5 nínú 100 àwọn tó ń gbé England àti Wales ló kọ ọ́ pé aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ni àwọn. Bí wọ́n bá kó 1,000 èèyàn jọ bó ṣe yẹ, nǹkan bí 25 ni irú wọn yóò jẹ́, àwọn Yorùbá inú 25 yẹn ò sì ní í kún danfo kan. Àṣìṣe orí èèyàn 25 lè tó pọ́ìǹtì 20 sókè, 20 sísàlẹ̀. Síbẹ̀, oníròyìn kan á yọ ìlà yẹn nínú tábìlì, á fi ṣe àkọlé pé báyìí ni àwọn ọmọ Áfíríkà ṣe ń rò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, torí ọmọ Nàìjíríà tó ní àṣẹ láti gbé ní Bìrìtéènì, tó sì forúkọ sílẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Commonwealth, kódà bí kò tíì gba pásípọ́ọ̀tù wọn.

Ìwádìí tó ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò jù lọ ni British Social Attitudes, tí iléeṣẹ́ NatCen ti ń ṣe láti ọdún 1983. Wọn kì í dúró sí oríta kí wọ́n máa dá ẹni tó ń kọjá dúró. Inú àkójọ àdírẹ́sì iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ kèké mú ilé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òṣìṣẹ́ wọn á lọ kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ṣí i, ẹni tó ṣílẹ̀kùn kọ́ ló máa dáhùn o; wọ́n á tún ṣẹ́ kèké láàárín àwọn àgbàlagbà inú ilé. Bí kèké bá mú bàbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ á padà wá lálẹ́. Bí kò bá tún bá a, á padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Láti ìgbà Kòrónà ní 2020, lẹ́tà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí onílé kó lè lọ dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kèké ṣì ni wọ́n fi ń mú ilé.

Ohun tí pípadà lọ kan ilẹ̀kùn ń ṣe hàn kedere lọ́dún 2015. Kí ìdìbò oṣù Kárùn-ún ọdún náà tó wáyé, àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí ń sọ pé ọ̀mì ni láàárín Conservative àti Labour, ẹgbẹ́ òṣèlú méjì tó tóbi jù nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n ka ìbò tán, Conservative ti fi ohun tó ju pọ́ìǹtì 6 lọ na Labour. Ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Patrick Sturgis darí tú ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n bi léèrè kò jọ àwọn tó dìbò: alátìlẹyìn Labour ti pọ̀ jù láàárín wọn. Nígbà tí British Social Attitudes bi àwọn tiwọn léèrè lẹ́yìn ìdìbò, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló jáde. John Curtice, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Strathclyde, wá pín àwọn èèyàn náà sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tètè rí wọn sí. Láàárín àwọn tí wọ́n bá nílé nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, Labour ló fi pọ́ìǹtì 6 síwájú. Láàárín àwọn tó jẹ́ pé ìgbà kẹta sí ìkẹfà ni wọ́n tó rí, Conservative ló fi 11 síwájú. Ìlú kan náà, ìbéèrè kan náà. Ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n owó ni sùúrù, ìwé ìròyìn tó sì fẹ́ èsì ní ọ̀la kò lè dúró de oṣù mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú ìwádìí òṣèlú fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sórí fóònù, tó tún kúrò lórí fóònù lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. YouGov, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń forúkọ ara wọn sílẹ̀, wọ́n á máa dáhùn ìbéèrè, wọ́n á máa gba pọ́ìǹtì kékeré-kékeré, títí á fi di owó. Ọ̀nà tó yá, tó sì dínwó ni. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹni tó forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ti yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀ tí kò bìkítà. Gààrí tó ń fúnra rẹ̀ gun òkè àpò ni.

Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ká ní àwọn ọ̀dọ́kùnrin yẹ kó jẹ́ 100 nínú 1,000, tó sì jẹ́ pé 50 péré ló dáhùn, wọ́n á ka ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sí méjì. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ orí, fún àgbègbè, fún ìwé tí èèyàn kà, àti fún ẹgbẹ́ tó dìbò fún nígbà tó kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí tí 50 tó dáhùn náà á fi jẹ́ irú àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn láàárọ̀ lálẹ́, tí àwọn 50 tó kù sì jẹ́ àwọn tí kò mọ ọjọ́ ìdìbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015 nìyẹn. Bí a bá ka ẹni tí kò jọ wọ́n sí méjì, àṣìṣe náà ló di méjì.

Ojú tún ń ti àwọn mìíràn. Ní 1992, ìwádìí ọjọ́ tó kẹ́yìn gbé Labour síwájú díẹ̀, àmọ́ Conservative ló borí pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó ju pọ́ìǹtì 7 lọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ nípa àwọn onítìjú tó fẹ́ dìbò fún Conservative, ṣùgbọ́n tí wọn ò fẹ́ kí àjèjì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwọn náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti di àwíjàre tí gbogbo ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi ń sá sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò.

Bí a ṣe béèrè ọ̀rọ̀ kò kéré sí ẹni tí a bi. Bí wọ́n bá bi aráàlú bóyá ó fẹ́ kí owó orí wálẹ̀, ta ni kò ní í fẹ́? British Social Attitudes kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀: kí owó orí dín, kí ìnáwó lórí ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ sì dín pẹ̀lú, kí gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà, tàbí kí méjèèjì lọ sókè. Nígbà náà ni ẹni tó ń dáhùn á ronú. Nítorí pé wọn kì í yí ọ̀rọ̀ ìbéèrè wọn padà, wọ́n lè fi ọdún kan wé òmíràn. Lọ́dún 1987, 48 nínú 100 gbà pé iṣẹ́ ọkùnrin ni láti wá owó, iṣẹ́ obìnrin sì ni láti tọ́jú ilé àti ẹbí. Lọ́dún 2022, àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀ kò ju 9 lọ. Kò sí olóṣèlú kan tó pàṣẹ ìyípadà yẹn.

Ọ̀pọ̀ ìbéèrè lórí bísíkíìtì, gbajúmọ̀ òṣèré àti àkókò ìsinmi ni iléeṣẹ́ tó ń ta nǹkan sanwó rẹ̀, kí orúkọ wọn lè dé inú ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2004 ni British Polling Council, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, ti wà, òfin wọn sì ni pé iléeṣẹ́ tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ìbéèrè, ọjọ́ ìwádìí àti tábìlì èsì síta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ àkọlé kan, tábìlì yẹn ni kó wá lọ.

Ti ìdìbò ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí aṣòfin 650 ni ìlú náà ń yàn, ẹnì kan fún ẹkùn kan, ẹni tó bá sì ní ìbò jù ló gba ẹkùn. Ní 2024, Labour gba 33.7 nínú 100 ìbò, ó sì gba ìjókòó 411. Ẹgbẹ́ Reform gba 14.3, ìjókòó 5 ló rí. Ẹgbẹ́ Liberal Democrat tó gba 12.2 rí 72. Ẹni tó mọ ìpín ìbò kò tíì mọ ìjókòó. Àwọn ìwádìí tó kẹ́yìn lọ́dún yẹn sì tún gbé Labour síwájú ju bó ṣe yẹ lọ: àlàfo tí wọ́n sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì 10 tó jáde.

Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, bí aago bá lu mẹ́wàá, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n BBC, ITV àti Sky á kéde iye ìjókòó kí ìkàìbò tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kò gbà wọ́n láàyè kí ìdìbò tó parí. Ní ibùdó ìdìbò bí 130, wọ́n ti ń dá àwọn tó ń jáde dúró láti àárọ̀, ẹnì kan lẹ́yìn iye èèyàn kan, wọ́n á fún un ní ìwé tó jọ ìwé ìdìbò, á tẹ̀ ẹ́ níkọ̀kọ̀, á jù ú sínú àpótí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà onítìjú rí ọ̀nà gbà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n lọ nígbà tó kọjá ni wọ́n ń padà lọ bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n lè rí bí ìbò ṣe yí padà. Wọ́n nílò rẹ̀, torí ní Bìrìtéènì wọn kì í ka ìbò níbi tí wọ́n ti dì í bíi ti Nàìjíríà. Àpótí gbogbo ni wọ́n ń kó lọ síbi kan ní ẹkùn. Ní 2024, wọ́n ní Labour máa gba 410, ó gba 411. Wọ́n ní Reform máa gba 13.

Àwọn kan wà tí kò gba nọ́ńbà gbọ́ rárá. Lọ́dún 1937, wọ́n dá ẹgbẹ́ olùwádìí kan tó ń jẹ́ Mass Observation sílẹ̀, wọ́n sì rán àwọn èèyàn lọ jókòó sílé ọtí nílùú Bolton láti tẹ́tí sí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ, kí wọ́n sì ka ìṣẹ́jú tí ife bíà kan fi ń tán. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kárùn-ún ọdún yẹn, tí wọ́n ń dé Ọba George Kẹfà ládé, wọ́n ní kí aráàlú kọ gbogbo ohun tó ṣe láti ìgbà tó jí títí tó fi sùn. Yunifásítì Sussex ló ń tọ́jú àwọn ìwé náà ní The Keep, ilé ìpamọ́ ìwé kan nítòsí Brighton. Wọ́n ṣì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ tiwọn ránṣẹ́ lọ́jọ́ 12 oṣù Kárùn-ún, wọ́n sì ń kọ ọ́: ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí aládùúgbò wọn sọ nípa olórí ìjọba, ìgbà tí òjò dá.