Owó fandéṣọ̀n, ta ló ni ín gan-an?

Tó bá ti ń di ìparí ọdún ní Iléṣà, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ti wálé, ẹ máa gbọ́ pé lágbájá ti dá fandéṣọ̀n, ìyẹn àjọ aláàánú, sílẹ̀ lórúkọ ìyá ẹ̀, ó fẹ́ máa fi rán ọmọ aláìní lọ sílé ìwé. Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, owó tó kó síbẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ mọ́ o, ibí sì ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn trustee, ìyẹn àwọn tí wọ́n fi owó náà sí níkàáwọ́, ló ń tọ́jú ẹ̀, ó kéré tán èèyàn méjì. CAMA ọdún 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà, ní ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ò lè ṣe é, ẹni tí kóòtù dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn náà ò lè ṣe é. Owó oṣù akáǹtáńtì tí wọ́n gbà síṣẹ́ lè jáde níbẹ̀, àmọ́ kò sí pé ẹ jẹ́ ká pín èrè.

Owó yẹn gan-an wá ńkọ́? Ká ní ojú owó, ìyẹn owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà, wọn kì í ná an, wọ́n á fi ra treasury bill tàbí bond ìjọba, ìyẹn ni pé wọ́n á yá ìjọba lówó kó lè máa san èlé, tó bá mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wọlé lọ́dún, mílíọ̀nù 3 nìyẹn, àwọn kan á sì ní ká pín gbogbo ẹ̀ fáwọn ọmọ. Rárá o! Ọjà ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, mílíọ̀nù 20 tòní ò ní lè ra nǹkan kan náà lọ́dún márùn-ún sí i, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ dá lára èlé yẹn padà sórí ojú owó, kí wọ́n yọ owó ọ́díítọ̀, kí wọ́n tó wá fi ìyókù ṣe skọ́láṣíìpù.

Èyí tó mọ́gbọ́n dání ni kí èèyàn méjì máa sáìnì kówó tó jáde ní báǹkì, kí trustee tọ́mọ ẹ̀ wà nínú àwọn tó kọ̀wé béèrè dìde kúrò ní mítìn, kí wọ́n sanwó tààrà fún ilé ìwé. Rìsíìtì ńkọ́? Kí wọ́n ṣe é bí Òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń tajà àwìn, kí wọ́n lóṣòó tì í títí á fi dé, kówó kejì tó jáde.

Tí fandéṣọ̀n bá wá tú ká, tí wọ́n ti san gbèsè tán, ohun tó kù ò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀, ẹgbẹ́ míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa kó o. Ó sì máa ń dun àwọn ọmọ náà sha.